Ẹgbẹ́ Orin Kọ́ Ni Yóò Bọ́ Wa

Ẹni tó bá tún sọ fún wa pé kí a fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí a gbájú mọ́ orin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi í pé ta ni yóò máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀. A ti gbọ́ ìmọ̀ràn yẹn tó. A gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ ìwúrí lórí YouTube. A gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́ wa kan tí òun fúnra rẹ̀ kò fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ rí. A tún gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin kan tó wá wò wá lórí ìtàgé, tó ní ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ ni pé a ní plan B. Plan B kẹ̀! Owó oṣù tí plan B ń mú wọlé la fi ra okùn gìtá tó ń dún létí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àwa mẹ́rin la wà nínú ẹgbẹ́ náà. Èkó là ń gbé. Progressive metal la ń ṣe: orin gìtá tó wúwo bí tírélà, tí kì í fẹ́ ka ìlù ní mẹ́rin-mẹ́rin títí, tó lè gba ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, kó yí padà lẹ́ẹ̀márùn-ún, kó má sì sí ègbè kankan tí ẹ lè bá wa gbè. Mẹ́ta nínú wa ń kọ kóòdù jẹun. Ẹnì kẹrin, onílù wa, ń tún fóònù ṣe ní Ìkẹjà, ó sì ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọọjọ́ Sọ́ńdè. Ọdún keje wa rèé. Nínú ọdún méje yìí, ẹgbẹ́ náà kò tíì fi náírà kan sí àpò ẹnikẹ́ni nínú wa, a kò sì retí pé kó fi sí i. Ohun tí a fẹ́ sọ nìyẹn, a ò sì ní fi bò: ẹgbẹ́ irú èyí tó bá ń dúró kí orin fún òun lóúnjẹ, ebi ni yóò pa á. Àwa la máa bọ́ ẹgbẹ́. Kò sì sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ní abẹ́nú, abẹ́nú rẹ̀ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. A máa débẹ̀.

A kò ní fi àkókò ṣòfò lórí àwọn tó ń pè é ní orin Èṣù. Ọ̀rọ̀ wọn ti sú wa. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn onídùndún rí, tó gbọ́ bí omele ṣe ń tẹnu mọ́ ohun kan náà nígbà tí ìyáàlù ń rin ìrìn tirẹ̀ lórí rẹ̀, kí onítọ̀hún lọ gbọ́ Meshuggah, àwọn ará Sweden kan tí gìtá wọn ń yí lórí kíkà tí kò dọ́gba nígbà tí ọwọ́ kan onílù wọn ṣì di mẹ́rin-mẹ́rin mú gírígírí. Kò ní lè sọ pé àjèjì ni. Ó lè sọ pé ariwo ni. Ariwo ni lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ti dé ibi tí gbogbo wa ń wò. Periphery bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Washington D.C. ní 2005. Misha Mansoor tó dá a sílẹ̀ máa ń gba orin sílẹ̀ nílé lórí kọ̀ǹpútà, á fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orúkọ Bulb, kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó rán an níṣẹ́. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 2010. Wọ́n ti káàkiri ayé, wọ́n tilẹ̀ ti yan orin wọn kan mọ́ àwọn tó ń du ẹ̀bùn Grammy. Bẹ́ẹ̀, Mansoor yìí kan náà ló jáde sọ ní gbangba pé ẹgbẹ́ náà kọ́ ló ń bọ́ òun. Ohun tó ń gbé wọn ró ni òwò tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin: Mansoor ní Horizon Devices, tó ń ta àwọn ẹ̀rọ kékeré tí onígìtá máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀; òun àti Matt Halpern, onílù wọn, tún wà lára àwọn tó dá GetGood Drums sílẹ̀, tó ń ta ohùn ìlù tí ènìyàn lè rà sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n wá kúrò lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin wọn jáde ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, 3DOT Recordings, tí àwo wọn ti 2019 sì jáde láti ibẹ̀.

Ṣé ẹ rí bó ṣe tò tẹ̀lé ara wọn? Oúnjẹ ti ń ti ibòmíràn wá kí òmìnira tó dé. Àwọn tó ń sọ ìtàn Periphery fún wa níbí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí Grammy, wọ́n á fo gbogbo ìyókù.

Ẹ máa ní, Dream Theater ńkọ́? Ṣebí ilé-ìwé ni wọ́n fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. John Petrucci, John Myung àti Mike Portnoy pàdé ní Berklee, ní Boston, ní 1985, wọ́n sì pa ẹ̀kọ́ tì nítorí ẹgbẹ́ yẹn. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1989, kò lọ síbì kan. Wọ́n pàdánù akọrin wọn, wọ́n wá òmíràn títí di 1991 kí James LaBrie tó dé, ìgbà tí Images and Words jáde ní 1992 ni ayé tó gbọ́. Ọdún méje gbáko ni, ní àkókò tí rédíò Amẹ́ríkà àti MTV ṣì lè sọ ẹgbẹ́ onígìtá di olókìkí láàárín oṣù díẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sọ ìtàn àwọn yòókù tó pa Berklee tì lọ́dún yẹn fún wa. Wọn kì í ṣe fídíò ìwúrí nípa wọn.

Ní tiwa, kò sí MTV. Ohun tó wà ni Spotify, ẹ sì jẹ́ ká ka ìṣirò rẹ̀ bó ṣe rí. Láti 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù méjìlá kò ní rí nǹkan kan gbà lórí Spotify. Kì í ṣe owó díẹ̀ o, òdo ni. Orin wa kan wà tó gba ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Oṣù márùn-ún la fi kọ ọ́. Ìgbà 640 ni wọ́n gbọ́ ọ lọ́dún tó kọjá, ìyá ọ̀kan nínú wa sì wà lára wọn. Èyí tó tún buni jẹ níbẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa kà á, yálà orin rẹ jẹ́ ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́sàn-án. Láàárín àkókò tí ẹnì kan fi gbọ́ orin wa tán lẹ́ẹ̀kan, ẹlòmíràn ti gbọ́ orin oníṣẹ́jú méjì lẹ́ẹ̀mẹrin. Ètò yẹn kò kórìíra wa. Kò mọ̀ wá ni. Ẹni tó bá ń ṣe progressive metal tó wá jókòó ti Spotify pé kó bọ́ òun, ó ti gbé igbá lọ sí odò tó ti gbẹ.

Bandcamp sàn jù. Nínú dọ́là 10 tí ẹnì kan bá fi ra àwo orin níbẹ̀, dọ́là kan àbọ̀ ni wọ́n máa yọ, àwọn tó ń gba owó wọlé á yọ díẹ̀ sí i, ìyókù jẹ́ ti olórin. Ó dáa, àbí? Àfi pé PayPal ni owó náà ń gbà wá, fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà kan sì rèé, PayPal tí a bá ṣí ní Nàìjíríà lè fi owó ránṣẹ́ ṣùgbọ́n kò lè gbà á wọlé. Ìyẹn ni pé nígbà náà, a lè ra orin ẹlòmíràn, àwọn ẹlòmíràn kò lè san owó tiwa fún wa. Àbúrò ọ̀kan nínú wa tó ń gbé ní Peckham, ní London, ló ń bá wa gba owó náà. Àwo 43 la tà lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà tí àbúrò yìí bímọ, a ní kó fi owó náà ra nǹkan fún ọmọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: bí kò bá lè pa owó, eré lásán ni nígbà náà, ẹ pè é ní eré kẹ́ ẹ fi wá lọ́rùn sílẹ̀. Àwa ò gbà. Eré ni ohun tí ènìyàn lè pa tì nígbà tí òjò bá ń rọ̀. A ti wọ́ amplifier kọjá omi tó dé orúnkún ní Ògbà. Iṣẹ́ ni, iṣẹ́ tí kò ní ọ̀gá, tí kò sì ní owó oṣù, bí iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú àwọn kóòdù ọ̀fẹ́ tí gbogbo ayé ń lò láìmọ orúkọ wọn. Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ irú wọn. A kì í pe iṣẹ́ wọn ní eré. Ìgbà tí wọ́n bá simi lọ́jọ́ kan tí báńkì dákú, ìgbà yẹn la máa mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Ohun kan tún wà tí ẹnu wa máa ń dùn sí, ìyẹn ni pé a jẹ́ independent. Ẹ̀wù ọlá ni a fi ń wọ̀. Ẹ jẹ́ ká bọ́ ọ wò díẹ̀. Ní 1973, àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's College ní Obáléndé, tí wọ́n pe ara wọn ní Ofege, gbé àwo Try and Love jáde. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ni wọ́n! Lọ́dún kan náà ni BLO, àwọn mẹ́ta tí àwọn kan lára wọn ti bá Ginger Baker ṣeré rí, gbé Chapter One jáde. Gìtá tó ń bú ramúramù, ní Èkó níbí, kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. EMI ló gbé àwo méjèèjì jáde. Ọmọ ilé-ìwé kì í ra ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, ilé-iṣẹ́ ló rà á, ilé-iṣẹ́ ló san owó iná. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí fún ẹni tó ń ṣe irú orin wa mọ́. Nítorí náà, a kò fi ìgboyà yan òmìnira. Òun ló ṣẹ́kù lórí àtẹ.

Tàbí kí ẹ wo Sweden yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí wọ́n bá ti sọ pé metal wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹ̀rín máa ń pa wá. Ẹ̀jẹ̀ wo? Wọ́n ní ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ àwọn àgbà tí wọ́n ń pè ní studieförbund, tí ìjọba ń fún lówó, tó sì máa ń fún àwọn ọ̀dọ́ olórin ní yàrá tí wọ́n ti lè dánra wò. Ìlú ń kọ́ ọmọdé ní ohun èlò orin. Yàrá tó gbóná, iná tí kì í lọ, ọdún mẹ́wàá: tí ẹ bá fún àwọn ọmọ Mushin ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ máa gbọ́ ohun tí wọ́n máa ṣe.

Ní báyìí, èyí tí kò rọrùn láti sọ.

"Ẹgbẹ́ kọ́ ni yóò bọ́ wa, àwa la máa bọ́ ọ." Ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu ẹni tó ń gba owó oṣù ni. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ la ti ní òfin kan tó jọ òdodo lójú wa: ohunkóhun tí ẹgbẹ́ bá ná, ká pín in sí mẹ́rin, kí kálukú san ìdá kan. Owó yàrá ìdánrawò, epo, okùn gìtá, owó ẹni tó ń bá wa po orin. Mẹ́rin ọgbọọgba. Kò sí ọ̀gá, kò sí ọmọọṣẹ́. A máa ń fi yangàn fún àwọn ẹgbẹ́ mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni 2023 dé. Ní ìparí oṣù May, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà bẹntiróòlù kan ní Èkó sì fò láti nǹkan bí 190 náírà sí nǹkan bí 490. Ní June, wọ́n tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tí báńkì ń ṣírò ní nǹkan bí 460 náírà ti ju 1,500 lọ nígbà tí 2024 ń parí. Dọ́là sì ni okùn gìtá. Dọ́là ni awọ ìlù. Dọ́là ni owó tí a ń san lọ́dọọdún kí orin wa lè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ òkèèrè ni ọ̀kan nínú wa ń bá ṣiṣẹ́, dọ́là lòun náà ń gbà, ara kò ta á rárá. Ó dábàá pé ká fi kún owó tí kálukú ń san, a sì dìbò sí i. Onílù wa náà nawọ́. Ó ní kò sí wàhálà.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìdánrawò jẹ. Ọ̀sẹ̀ yìí, iṣẹ́ pọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ṣọ́ọ̀ṣì ní ìsọ́ òru. Nígbà tó bá sì wá, á ti pẹ́, aṣọ rẹ̀ á ti rin fún òógùn. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí wa. A ṣí ojú ìwé WhatsApp kan tí òun kò sí nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, a ṣe é, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Níbẹ̀ la ti ń sọ pé kò fi ọkàn sí i mọ́, pé àwa là ń gbé ẹgbẹ́ yìí lẹ́yìn, pé tó bá wù ú kó máa lọ, kó tètè lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú wa ti dárúkọ Tosin Abasi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí mọ irú orúkọ tí Tósìn jẹ́; ọmọ àwọn òbí Nàìjíríà ni, Washington D.C. ni wọ́n bí i sí. Òun ló dá Animals as Leaders sílẹ̀, kò sì sí onígìtá metal kan tí a mọ̀ tí kò tíì jókòó wo ìka ọmọkùnrin yẹn kó mi orí. Nígbà tí àwo àkọ́kọ́ wọn máa jáde ní 2009, kò sí onílù kankan nínú yàrá. Tósìn ta gìtá, Misha Mansoor, ẹni Periphery yẹn náà, sì fi kọ̀ǹpútà to gbogbo ìlù rẹ̀. Meshuggah ti ṣe irú rẹ̀ lórí Catch Thirtythree ní 2005, tí wọ́n fi ìlù kọ̀ǹpútà ṣe odindi àwo. Ó tán. Tí wọ́n bá lè ṣe é, kí ló dí wa lọ́wọ́? Ṣebí kóòdù la fi ń jẹun.

A lo òpin ọ̀sẹ̀ méjì lórí laptop. A to ìlù náà lẹ́yọ lẹ́yọ: ibi tí ọwọ́ á ti rọ̀ díẹ̀, ibi tí á ti yá díẹ̀, kó má baà dà bí ẹ̀rọ. A ò ní purọ́, ó dún dáadáa. Ó dún ju bí a ṣe rò lọ. A gbé orin náà jáde ní alẹ́ ọjọ́ Fúráìdè kan, àwọn èèyàn sì yìn ín.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, onílù wa wá sí ìdánrawò. Ó ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ní ká tún un gbé sí i lórí ẹ̀rọ ńlá. Ó jókòó sídìí ìlù rẹ̀, kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ó dáa. Ta ló lù ú?"

Kò sí ẹni tó dáhùn nínú wa.

Àbúrò rẹ̀ ló wá là wá lóye lẹ́yìn oṣù kan. Láti Ìkẹjà ló ti ń fẹsẹ̀ rìn wá sí Ògbà nígbà tí owó ọkọ̀ bá di ìṣòro. Òógùn tí à ń rí lára aṣọ rẹ̀ nìyẹn. Ó ti ta cymbal ńlá rẹ̀ kan, èyí tó ti ń lò láti bí ọdún mẹ́wàá, kó lè san oṣù méjì nínú owó tí àwa fi kún. Àwa tí à ń pè é ní ẹni tí kò fi ọkàn sí i. Ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ ló tà láti fi san owó iṣẹ́ náà. Kò sì sí ẹnì kankan nínú àwa mẹ́ta tó ṣàkíyèsí pé ohùn kan ti yọ nínú ìlù. Bẹ́ẹ̀ à ń pe ara wa ní olórin.

Nítorí náà, a ti wá mọ ohun tó ṣe ọ̀rọ̀ wa. Ìdá mẹ́rin ọgbọọgba kì í ṣe òdodo láàárín àwọn tí owó wọn kò dọ́gba. Ohun tí ẹnì kan ń fi ra pízà lálẹ́ Fúráìdè, owó ilé ẹlòmíràn ni. Àwa tó mọ git lò dáadáa, tí a tilẹ̀ ń fi í tọ́jú orin wa, a rò pé a ti rí gbogbo nǹkan. Git á sọ fún ọ ẹni tó yí ìlà ogójì padà àti aago tó yí i padà. Kò ní sọ fún ọ ẹni tó fi ẹsẹ̀ rìn wá.

Ẹnì kan bi wá pé, "Ṣé ẹ wá fẹ́ máa ṣàánú rẹ̀ ni?" Rárá o. Nínú orin yìí, onílù ló ń ṣiṣẹ́ jù. Onígìtá lè fara pamọ́ sẹ́yìn ariwo tó bá ṣìnà. Tí onílù bá ṣìnà nínú kíkà méje, gbogbo ilé ló wó. Wákàtí tí ó ti lò sí ẹgbẹ́ yìí, tí a bá fi iye tí àwa ń gbà fún wákàtí kan níbi iṣẹ́ ṣírò rẹ̀, gbèsè la jẹ ẹ́.

Ẹlòmíràn ní ẹni tó bá sanwó jù ló yẹ kó ní ọ̀rọ̀ jù. Èyí la fẹ́ kí ẹ̀yin tó fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ gbọ́ dáadáa. Tí ẹni tó sanwó bá ti di ẹni tó ni ẹgbẹ́, ilé-iṣẹ́ agbórinjáde ni onítọ̀hún. Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ, ó lè máa ta gìtá, ẹ lè jọ máa jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgọ̀yìn, òun náà ṣì ni ilé-iṣẹ́ tí ẹ ní ẹ sá fún. A ń pariwo pé a jẹ́ independent. Òmìnira lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tí kò mọ̀ pé a wà láyé? Ẹnì kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa lákòókò yẹn. Òun ni onílù, abẹ́ wa ló sì wà.

Ohun tí a ń ṣe báyìí kò díjú. Kálukú ń san ní ìbámu pẹ̀lú ohun tó ń wọlé fún un. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó iye kan tí a jọ fẹnu kò sí, kò ní san kọ́bọ̀ lóṣù yẹn, kò sì ní ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ìbò wa ṣì dọ́gba. Ìdá mẹ́rin la pín orin kọ̀ọ̀kan sí, títí kan èyí tí a fi kọ̀ǹpútà to ìlù rẹ̀. Tí wọ́n bá fún wa lówó lórí ìtàgé, owó ọkọ̀ ẹni tí kò ní mọ́tò ló kọ́kọ́ ń jáde níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wa kò kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀, ó ní ó ti ń dà bí owó orí. Owó orí ni. Ó ń san án.

A sì kọ ọ́ sílẹ̀, a fọwọ́ sí i. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀, ẹ jàre. Ẹ má sọ pé ọ̀rẹ́ ni yín. Queensrÿche, ọ̀kan lára àwọn tó la ọ̀nà fún irú orin yìí, bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Seattle ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ọ̀rẹ́ làwọn náà. Ní 2012, wọ́n lé akọrin wọn, Geoff Tate, kúrò. Fún bí ọdún méjì, ẹgbẹ́ méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà lórí ìtàgé, títí wọ́n fi parí ẹjọ́ náà ní 2014. Bí ó ti yẹ kí orúkọ rí nìyẹn? Nínú ìwé tiwa, orúkọ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ ìwọlé gbogbo ojú ìwé wa, àti fáìlì orin kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá kúrò máa mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ, orúkọ á dúró. Ojú ìwé méjì péré ni. Ìgbà tí a kọ ọ́ tán ni onílù wa bi wá bóyá WhatsApp ẹlẹ́ni mẹ́ta yẹn náà wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó ti mọ̀.

Ohun tí a ń wí yìí kò tó fún gbogbo ènìyàn, a mọ̀. Ẹgbẹ́ wà tí kò sí ẹnì kan tó ń gba owó oṣù nínú wọn, tí ìdá ọgọ́rùn-ún kankan kò sí láti yọ. Àwọn wọ̀nyẹn la ń rò nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ yàrá àwọn ará Sweden. Láti January, a ti ń ṣí yàrá tí a ń yá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mẹ́ta kan láti Agége fún wákàtí méjì kí tiwa tó bẹ̀rẹ̀. Epo wa ni wọ́n ń lò. Orin wọn kò tíì dáa. Wọ́n ń yára jù, wọn kì í sì í gbọ́ ara wọn. Onílù wọn máa ń dúró lẹ́yìn ìdánrawò láti wo ọwọ́ onílù tiwa.

Ní ti cymbal yẹn, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìyánà Ìpájà, lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lùlù níbẹ̀. A ti lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kó tà á padà fún wa. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun mọ ẹni tó ni ín, òun sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n dọ́là ti lọ sókè, ìlọ́po mẹ́ta iye tí òun rà á ni òun máa gbà. A ti dá ìdajì owó náà jọ.